Ajé Nínú Ọjọ́ Ajé: Ìwádìí Lórí Ìtumọ̀ Orúkọ Ọjọ́ Kan

Lójú títì tó lọ láti Kétu sí Ìkòròdú, bí ènìyàn bá ti kọjá ọjà Mile 12 ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò kan àdúgbò tí ń jẹ́ Ajégúnlẹ̀. Odò Ògùn kò jìnnà sí i. Ajégúnlẹ̀ mìíràn wà nítòsí Àpápá, òun ni ó sì lókìkí jù. Àwọn abúlé mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tún ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kò yani lẹ́nu. Odindi gbólóhùn ni orúkọ náà, ajé gún ilẹ̀, àdúrà sì ni lẹ́nu ẹni tó bá ń tẹ ibùdó tuntun dó. Gúnlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi: ọkọ̀ a máa gúnlẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ bá kan iyanrìn èbúté. Fáwẹ̀lì i tó bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ni a pa jẹ, tí gún àti ilẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ kan. (Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi gan-an ló gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ibi tí a ti sé odò Ọ̀yán, tí odò Ògùn sì kún wọ ilé àwọn ènìyàn.)

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kì í ṣiyèméjì lórí ìtumọ̀ ajé nínú orúkọ àdúgbò yìí. Ire ni, èrè ọjà ni, ohun tí oníṣòwò ń jí wá ní kùtùkùtù ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà sínú orúkọ ọjọ́ tó tẹ̀lé Àìkú, àlàyé a yí padà. Nínú àwọn ìwé kan tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí àṣà Yorùbá, Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ òrìṣà ọrọ̀, bí ẹni pé bí àwọn ará Róòmù ti fi ọjọ́ kan jíǹkí òṣùpá ni Yorùbá ti fi ọjọ́ kan jíǹkí Ajé Ṣàlúgà. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ a máa wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun tó sì lè dá sílẹ̀ kò kéré. Bí òbí kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìdí tí ọmọ òun fi gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ òrìṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí kò ní ìdáhùn a sá sẹ́yìn sínú Mọ́ńdè. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣe ń pàdánù ipò rẹ̀ nítorí ìtumọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yẹ, nígbà náà, kí a tú orúkọ yìí palẹ̀, kí a wo ohun tí ìhun rẹ̀ àti àwọn orúkọ tó yí i ká ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin

Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó fìdí múlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni Yorùbá ń kà yípo, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ àti fún ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko. Ọjọ́ Ọbàtálá, Ọjọ́ Awo tó jẹ́ ti Ọ̀rúnmìlà, Ọjọ́ Ògún, àti Ọjọ́ Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó ni wọ́n. Àwọn Ìgbò náà ní mẹ́rin tiwọn, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, orúkọ wọ̀nyí náà ni wọ́n sì fi ń mọ ọjà wọn.

Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń ka ọjọ́ ti ṣi àwọn àlejò lọ́nà. A. B. Ellis, tó tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn Yorùbá ní ọdún 1894, kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún ló wà nínú ọ̀sẹ̀ wọn. Ó rọrùn láti rí ohun tó fa irú èyí. Ọjà tó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni Yorùbá ń pè ní ọjà ọrún, inú márùn-ún ni a sì ti fa ọrún yọ. Ọjọ́ tí ìkà bẹ̀rẹ̀ a máa wọ inú iye, ọjọ́ tí ó parí sí náà a sì wọ inú rẹ̀. Bí ọjà bá ná lónìí, òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ tí yóò tún ná sì di ìkarùn-ún. Bákan náà ni ìtàdógún, tí mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀, ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ní tòótọ́, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Àwọn olùtúmọ̀ òde òní tó ń lo ìtàdógún fún ọ̀sẹ̀ méjì ti gbé e kúrò lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ọ̀rọ̀ a máa ṣí kiri. Àwọn Faransé pàápàá ń kà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, tó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lè kọ́ irú ìkà yìí nílé, kí ó tún bá a pàdé nílé-ìwé.

Ọ̀sẹ̀ gan-an kì í ṣe orúkọ fún ọjọ́ méje látilẹ̀wá. Ọjọ́ ìsìn òrìṣà ni, ọjọ́ tí ó máa ń yí kàn án nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tàbí ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá. Láti orí ọjọ́ ìsìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ dé orí gbogbo àsìkò tó wà láàárín ìsìn kan àti èkejì, kí àsìkò náà tó wá di ọjọ́ méje. Nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti lè dàrú mọ́ra wọn, ó dára kí a máa kọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ní kíkún.

Olùkọ́ ìṣirò lè rí iṣẹ́ gidi fà yọ nínú bí ọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀. Ká ní Ọjọ́ Ajé kan bọ́ sí Ọjọ́ Awo. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, Ajé tó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí Ọjọ́ Ọbàtálá. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, sí Ọjọ́ Jàkúta. Ẹ̀yìn rẹ̀, sí Ọjọ́ Ògún. Lẹ́yìn náà ni yóò tó padà sí Ọjọ́ Awo. Ẹ̀yìn ni ó ń rìn sí, ìgbésẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kan, nítorí pé bí a bá yọ mẹ́rin kúrò nínú méje, mẹ́ta ló kù, mẹ́ta sì dín ní ọ̀kan sí ìyípo mẹ́rin. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìrìn náà yóò gbà kí méjèèjì tó tún pàdé. Lẹ́nu àgbàlagbà tó ń kà ní ìlànà ọrún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni yóò jẹ́, òun náà kò sì ṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí iye méjèèjì fi tọ̀nà ti lóye ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíka ọjọ́ àti kíka àlàfo tó wà láàárín ọjọ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tó kan ọ̀rọ̀ Ajé ní tààrà. Òrìṣà ló ni ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìsìn òrìṣà ni a ti mú orúkọ ọjọ́ méje, ibẹ̀ ni ìbá ti kọ́kọ́ hàn: Ògún ìbá wà níbẹ̀, Ṣàngó ìbá wà níbẹ̀, Ọbàtálá kò sì níí gbẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn.

Ìhun orúkọ méje

Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Bí a bá tò wọ́n báyìí, ojú kọ́kọ́ rí i pé wọn kò jọ ara wọn ní ìhun. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà ọjọ́ sínú ara wọn, a sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, rú nínú ọ̀kan, bọ̀ nínú èkejì. Kò ṣeé ṣe láti yọ ọ́ kúrò: a kò lè sọ pé ìpàdé wà ní *rú. Àwọn márùn-ún yòókù jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó dá dúró kí ọjọ́ tó wá ṣáájú wọn. Ọjọ́ Ajé jẹ́ àpólà-orúkọ bí ilé Àjàyí tàbí omi odò, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ti ń yán èkíní. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni a ń kọ Ọjọ́ Ajé, àpapọ̀ sì ni a ń kọ Ọjọ́rú. Àwọn kàlẹ́ńdà tó ń tẹ Ọjọ́ Rú àti Ọjọ́ Bọ̀ jáde ti fọ́ ohun tí èdè ti so.

Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí Yorùbá nìkan. Ní erékùṣù Curaçao, Aruba àti Bonaire, ní òkun Karibíánì, a ń sọ èdè kan tí ń jẹ́ Papiamentu, èdè tí a bí nígbà òwò ẹrú láàárín àwọn ará Áfíríkà àti àwọn ará Yúróòpù. Orúkọ ọjọ́ méjèèje nínú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dja, ìyókù dia, tó túmọ̀ sí ọjọ́ nínú èdè Pọtogí àti ti Sípéènì. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò gbọ́ ọjọ́ lọ́tọ̀ mọ́ nínú djaluna, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Yorùbá kò ṣe dúró ronú kan ọjọ́ nínú Ọjọ́rú. Djárason, orúkọ tí wọ́n fún Ọjọ́rú níbẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù: àlàyé tí a mọ̀ jù lọ fún un ni pé ọjọ́ ìpín oúnjẹ ni, ọjọ́ tí a ń wọn oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ẹrú. Àwọn mẹ́fà yòókù gba orúkọ tí Yúróòpù fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lóko ẹrú ló sọ ìkan yìí lórúkọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń wádìí orúkọ ọjọ́ fi èyí sọ́kàn. Orúkọ ọjọ́ kì í fìgbà gbogbo wá láti ọ̀run. Nígbà mìíràn ohun tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́jọ́ náà ni.

Lára àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ márùn-ún náà, ó rọrùn láti tú mẹ́rin. Àìkú jẹ́ àì àti kú. Ìṣẹ́gun jẹ́ ì, ṣẹ́ àti ogun. Ẹtì jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tì, ìyẹn ni pé nǹkan kò ṣeé ṣe. Àbámẹ́ta jẹ́ àbá pẹ̀lú mẹ́ta. Ajé nìkan ni kò ṣeé tú. Àwọn kan a máa gbìyànjú láti yọ ọ́ láti inú jẹ, kí ajé lè jẹ́ ohun tí a ń jẹ. Àbá náà dùn mọ́ etí, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì kò gbà á láyè. E àti ẹ kì í ṣe ọ̀kan náà nínú Yorùbá, ohùn jẹ sì jẹ́ ohùn àárín nígbà tí sílébù ìkẹyìn ajé wà lóhùn òkè. Àfòmọ́ a pẹ̀lú jẹ yóò fún wa ní ajẹ, bí a ti rí i nínú ajẹnirun, kò lè fún wa ní ajé. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ajé, gẹ́gẹ́ bí ilé àti ọmọ ti jẹ́ ìpìlẹ̀, ìlò rẹ̀ ni a ó sì fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe títú rẹ̀.

Ajé láàárín àwọn ire

Ìlò náà nìyí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí olùtúmọ̀ tó bá ń kánjú lè kà sí ọ̀kan: owó, ọrọ̀ àti ajé. Owó ni à ń kà. Ọrọ̀ ni à ń kó jọ. Ajé ni ó ń wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn ló máa ń tẹ̀lé ajé. Ajéwọlé ni orúkọ ènìyàn, Ajégúnlẹ̀ ni orúkọ ibùgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni àdúrà àwọn oníṣòwò fún ara wọn ni pé kí ajé ó wá, kí ajé ó wọ igbá. Ohun tí kò tíì dé ni, tàbí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó ti kó ọrọ̀ jọ sílé lè má rí ajé fún odindi oṣù kan. Ẹni tó bá sì tà tó jèrè láàárọ̀ yìí ti rí ajé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ́rọ̀.

Òótọ́ ni pé òrìṣà kan wà tí ń jẹ́ Ajé Ṣàlúgà. Ellis mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ ti 1894, ó sì sọ pé owó ẹyọ ńlá ni àmì rẹ̀. Àwọn ìtàn kan pe Ajé ní ọmọ Olókun, èyí tó bá ọ̀nà tí owó ẹyọ gbà dé mu dáadáa: láti erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń fi ọkọ̀ kó o wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ti Zanzibar tó wá dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láyé owó ẹyọ, ajé gúnlẹ̀ kì í ṣe àfiwé lásán létíkun Èkó.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí ni a fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú orúkọ ọjọ́, Ajé kò dá dúró: Àìkú ló ṣáájú rẹ̀, Ìṣẹ́gun ló tẹ̀lé e. Kò sí òrìṣà tí ń jẹ́ Àìkú, kò sì sí èyí tí ń jẹ́ Ìṣẹ́gun. Ibì kan wà, bí ó ti wù kí ó rí, tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jókòó pọ̀. Nígbà tí babaláwo bá dá Ifá tí ojú Ifá bá sọ ire, ìbò ni yóò fi béèrè irú ire tó jẹ́: ire àìkú ni, ire ajé ni, ire aya ni, ire ọmọ ni, tàbí ire ìṣẹ́gun. William Bascom to àwọn ire wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn ibi tó dojú kọ wọ́n, sínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1969, ó sì hàn níbẹ̀ pé ire àìkú ló ṣáájú nínú ìbéèrè, ire ajé ló tẹ̀lé e. Orúkọ mẹ́ta tó ṣíwájú nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje jẹ́ mẹ́ta nínú ire márùn-ún wọ̀nyí, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ti ń tò lẹ́nu babaláwo. Aya àti ọmọ nìkan ni a fò. Bóyá ó sàn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Aya ìbá ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé olórogún.

Ìbáramu yìí kò sọ pé babaláwo kan ló jókòó tó sọ ọjọ́ lórúkọ. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí Yorùbá nílò orúkọ fún ọjọ́ méje tó ti ibòmíràn wá, kò lọ sọ́dọ̀ àwọn òrìṣà, nítorí àwọn yẹn ti ní ọjọ́ tiwọn. Ó lọ sínú àwọn ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọrọ. Ajé inú Ọjọ́ Ajé jẹ́ ire. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ajé inú Ajégúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ pé kí a yí orúkọ àdúgbò yẹn padà nítorí òrìṣà. Bákan náà ló yẹ kí ó yé àwọn oníwàásù tó ń sọ pé nítorí àjíǹde Jésù ni a ṣe ń pe ọjọ́ ìsinmi ní Àìkú pé ire ẹ̀mí gígùn ni àìkú nínú èdè yìí, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn babaláwo kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.

Ìṣe àwọn oníṣòwò gbe èyí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ni kì í fẹ́ tajà láwìn ní kùtùkùtù Ọjọ́ Ajé, tí kì í sì í fẹ́ náwó kí ó tó pawó, kí ọ̀sẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbèsè. Nínú ọjà bíi Mile 12, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà láti ilẹ̀ Òkè Ọya kí ilẹ̀ tó mọ́, mùsùlùmí ń ṣe é, onígbàgbọ́ náà ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń bọ nǹkan kan. Wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ire ń gbà wọlé ni.

Àtìní, Mọ́ńdè àti Ajé

Nínú ọjà kan náà, alábàárù tó wá láti Kánò yóò pe ọjọ́ yìí ní Litinin, àfáà yóò pè é ní Àtìní, ọmọ ilé-ìwé yóò sì pè é ní Mọ́ńdè. Litinin àti Àtìní jẹ́ ọmọ ìyá kan. Láti inú orúkọ tí Lárúbáwá ń pè é, tó túmọ̀ sí ìkejì, ni méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé yàtọ̀. Hausa fi l bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Yorùbá fi a bẹ̀rẹ̀ kò sì ní l rárá, gẹ́gẹ́ bí Àtàlátà ti Yorùbá ṣe dojú kọ Talata ti Hausa. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ Hausa ni Yorùbá ti yá àwọn orúkọ wọ̀nyí, ó ṣòro láti ṣàlàyé ibi tí a ti wá. Stefan Reichmuth fi hàn ní 1988 pé àwọn ọ̀rọ̀ àyálò irú èyí bá ti èdè Songhay mu, àwọn ènìyàn tó wà létí odò Ọya lókè lọ́hùn-ún. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ti kan ilẹ̀ Yorùbá láti apá ìwọ̀-oòrùn Sàhárà kí àwọn òyìnbó tó gbé tiwọn dé láti etí òkun. Àtìní kò kúrò nínú ìlò: àwọn mùsùlùmí tó ń gba ààwẹ̀ ọ̀fẹ́ ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì ń pe orúkọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lárúbáwá ka ọjọ́ yìí sí ìkejì. Pọtogí náà kà á sí ìkejì, wọ́n ń pè é ní segunda-feira, ọ̀rọ̀ náà feira sì túmọ̀ sí ọjà lónìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀wọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú èdè Látìn. Látìn fúnra rẹ̀, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Papiamentu fi fún òṣùpá. Ajé kò jẹ́ nọ́ńbà, kò sì jẹ́ ìràwọ̀ tàbí òṣùpá. Kì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ èdè kankan nínú wọn, olùtúmọ̀ tó bá sì fẹ́ gbé e lọ sí èdè mìíràn kò gbọdọ̀ wá òrìṣà fún un. Ọjọ́ èrè, ọjọ́ ire òwò, ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n bí ìtumọ̀ ti lè mọ.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò bá ìṣòro yìí pàdé. Iye ni Jẹ́nẹ́sísì fi ka ọjọ́ ìṣẹ̀dá, láti orí ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ keje, kò sì sí ibi tí a ti nílò orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn àti tábìlì àkókò ilé-ìwé ni ìṣòro náà já lé léjìká.

Àkọtọ́ àti èdè-ìperí

Ewu tó tóbi jù fún Ajé kò sí nínú ìtàn, inú ìtẹ̀wé ló wà. Bí a bá kọ aje láìsí àmì, kò sí ohun tó ya ajé sọ́tọ̀ kúrò lára àjẹ́. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí sílébù àkọ́kọ́ nìkan ló wà láàárín ire tí gbogbo ọjà ń tọrọ àti ohun tí gbogbo ilé ń sá fún. Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní 1875 ti fìdí àmì ìsàlẹ̀ múlẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì tún un ṣe. Síbẹ̀ pátákó ojú títì, ìwé ìpolongo àti àwọn kàlẹ́ńdà kan ṣì ń yọ àmì kúrò. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò ka Ajegunle bó ṣe yẹ láìsí àmì, nítorí àjẹ́ kì í gúnlẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ èdè ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Húsítọ̀nù kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá orúkọ ọjọ́, nítorí ajé ti wọ inú èdè-ìperí. Ọrọ̀-ajé ni a ń pe ohun tí ìjọba ń ṣètò rẹ̀ lórí owó, iṣẹ́ àti òwò. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Iṣẹ́ ajé sì ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe jẹun. Ẹni tó kọ́kọ́ so ọrọ̀ pọ̀ mọ́ ajé mọ ohun tó ń ṣe: ọ̀kan ni ohun tí a ti kó jọ, èkejì ni ohun tó ń rìn wọlé, ìmọ̀ náà sì nílò méjèèjì. Nígbà tí Iléeṣẹ́ Ẹ̀kọ́ bá tẹ̀ lé irú ìgbìyànjú tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa darí rẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ títí kan sáyẹ́ǹsì, irú ọ̀rọ̀ bí èyí ni a ó máa nílò, kò sì yẹ kí ìbẹ̀rù òrìṣà mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ó ku ohun kékeré kan tí àwọn tó ń ṣe tábìlì àkókò máa ń bi ara wọn: báwo ni a ó ṣe gé orúkọ ọjọ́ kúrú? Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan kò lè ṣiṣẹ́, nítorí Àìkú, Ajé àti Àbámẹ́ta jọ ń lo a, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ sì jọ ń lo ọ. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ kò níí gba àwọn méjì ìkẹyìn yìí náà là, nítorí Ọjọ́ ni yóò kù nínú méjèèjì. Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ti hàn nínú ìhun wọn: ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́yìn ló gbé ìtumọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ni kí a mú. Àìk, Ajé, Ìṣẹ́, Rú, Bọ̀, Ẹtì, Àbá: pẹ̀lú àmì ohùn wọn lórí, kò sí èyí tí yóò dàrú mọ́ èkejì. Ẹtì àti Ajé kò tilẹ̀ nílò ìgékúrú. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.